Ohùn Tí A Fi Tọrẹ

Ẹni tí ó bá dàgbà ní ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá kí iná mànàmáná tó dé ibẹ̀ yóò rántí bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń wá àgbàlagbà tí wọn yóò jókòó tì nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ní agbo ilé tiwa, ní abúlé kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, ìyá bàbá mi ni a máa ń wá. Ìyá náà kò mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni kò rìn jìnnà ju ọjà Ìṣẹ́yìn lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ké pé "Àlọ́ o!" tí a sì dáhùn pé "Àlọ̀!" kò sí ìlú tí kò lè mú wa dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá kan ìjàpá láti sọ̀rọ̀, imú ni ó fi ń sọ ọ́. Bí ó bá kan ọba, ohùn rẹ̀ a wúwo. Bí oorun bá sì ń kùn ún, tí ó fẹ́ fo ibì kan nínú àlọ́ kí ó lè tètè parí, gbogbo wa ni a ó jọ kígbe pé, "Ìyá, ẹ ti fò ó!" Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì padà lọ mú ibi tí ó fò.

Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún báyìí. Mo lè sọ púpọ̀ nínú àwọn àlọ́ náà fún yín, ṣùgbọ́n ohùn ìyá náà ti lọ. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kò sí láyé nígbà náà. Ọ̀kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, orin ìjọ ni a sì máa ń gbà sínú rẹ̀. Nígbà tí ó fi wá sí mi lọ́kàn pé mo lè yá a lọ sí abúlé, ìyá ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ohùn ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti bí èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọn máa mú ìlérí ṣẹ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìlérí tèmi jẹ́.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ìbàdàn. Kì í ṣe pé ìyá kan náà ni ó bí wa; ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni a ti pàdé, ó sì fi ọdún méjì ṣíwájú mi níbẹ̀. Ìwé ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi owó oṣù ra aṣọ, ìwé ni òun ń rà, títí ìwé fi kún ìyàrá rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń ráhùn. Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, àrùn ojú tí àwọn oníṣègùn ń pè ní glaucoma mú un. Olè ni àrùn náà. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í dun ènìyàn, kì í sì í pọ́n ojú. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó ti máa ń jẹ wọ àárín, díẹ̀díẹ̀, ohun tí ó bá sì ti jẹ kò ṣeé gbà padà mọ́. Ẹ̀gbọ́n rò pé gíláàsì ojú òun ni ó ti gbó ni. Nígbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ojú kan ti lọ, èkejì sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ń ka ìwé mẹ́rin lóṣù wá di ẹni tí ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pa ẹ̀yìn ọmọ tí ó sùn.

Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí i, mo gbọ́ ohùn obìnrin òyìnbó kan nínú ìyàrá rẹ̀ tí ó ń ka ìwé lọ geere. Mo rò pé àlejò wà níbẹ̀. Fóònù ni mo bá lórí àyà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó fi í mọ iṣẹ́ àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní LibriVox, Ẹ̀gbọ́n sì là á yé mi bí ẹni tí ó ń kọ́ni ní kíláàsì.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hugh McGuire, ní ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, ké sí àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọn jọ ka ìwé kan sókè, kí olúkúlùkù mú orí kan tàbí méjì, kí wọn gbà á sílẹ̀, kí wọn sì fi í sí ibi tí gbogbo ayé ti lè gbọ́ ọ láìsan kọ́bọ̀. Ìwé ìtàn Joseph Conrad tí ń jẹ́ The Secret Agent ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, iye ìwé tí wọ́n ti kà sílẹ̀ ti lé ní 20,000. Wọn kì í ka ìwé tí ó ṣì ní olówó. Kìkì èyí tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé rẹ̀ ti parí lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kà, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn ọdún 95 tí a ti tẹ ìwé náà jáde. Òǹkàwé náà kò sì ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ohùn ara rẹ̀ mọ́ bí ó bá ti kà á tán, nítorí pé ó ti fi í tọrẹ. Ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ọ, kí ó dà á kọ, kí ó fún ẹlòmíràn.

Kì í ṣe àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ronú irú èyí. Ní ọdún 1935 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún àwọn afọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ sì ni Typhoon, tí ó jẹ́ ti Conrad yìí kan náà. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn òbí tí ó jẹ́ ará Poland ni wọ́n bí ọkùnrin náà, ó ti lé ní ogún ọdún kí ó tó mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ, òun náà ni wọ́n sì wá mú ṣáájú lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn jù láti máa gbọ́ ni ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ènìyàn ayé: ìrìn-àjò Odysseus tí Homer sọ, ìtàn tí àwọn ọmọ ìyá méjì tí ń jẹ́ Grimm kó jọ ní ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní ọdún 1812, ìtàn àwọn ará Japan, ìtàn àwọn òrìṣà ilẹ̀ olótùútù lókè lọ́hùn-ún. Ó ní, "Mo ti gbọ́ ohùn Amẹ́ríkà, mo ti gbọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, mo ti gbọ́ ti ará Íńdíà. N kò tíì bá ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ bí tiwa pàdé. Ìwọ tí o máa ń kàwé fún àwọn ọmọ títí wọn yóò fi gbàgbé aago oúnjẹ, kí ni ó dé tí o kò lè kà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, màá kà. Ẹ óò gbọ́ ohùn mi kí ọdún yìí tó parí."

Ó rọrùn láti sọ. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì ní kí n kọ́kọ́ ka ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ kí wọn lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ mi dára. Ẹ̀rù ti bà mí pé wọn yóò sọ̀rọ̀ lórí bí mo ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹgba ni olùkọ́ kan fi ń tún ohùn Ọ̀yọ́ ṣe lẹ́nu wa. Wọn kò sọ ohun kan nípa rẹ̀. Ariwo fáànù ni wọ́n ní kí n bá wọn pa.

Ìwé tí a ń kà nígbà náà ni The Age of Fable, tí Thomas Bulfinch kọ. Ará Boston ní Amẹ́ríkà ni, akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ ni, ó sì kọ ìwé náà ní ọdún 1855 fún àwọn tí kò gbọ́ Látìn àti Gíríìkì, kí wọn lè mọ ìtàn tí àwọn akéwì ń tọ́ka sí. Àwọn kan ti kà á sílẹ̀ rí, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ̀ kí ẹlòmíràn tún un kà. Orí rẹ̀ lé ní 40. Mo mú orí kẹfà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú ńlá, ẹ wá ibi tí ó dákẹ́ fún mi ní Ìbàdàn! Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké títí di ọ̀gànjọ́. Bí ìyẹn bá dákẹ́, àwọn tí ń ṣe ìṣọ́ òru bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tó parí, ó ti súnmọ́ àkókò ìpè àdúrà àárọ̀. Láàárín agogo mẹ́ta sí mẹ́rin òru nìkan ni ilẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, mo jókòó sí ẹnu rẹ̀, mo ta kúbùsù lé orí ara mi àti gbohùngbohùn, mo sì ń fi iná tọ́ọ̀ṣì kàwé. Ìyàwó mi jí, ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, ṣé kò sí?"

Ọba Midas ni orí náà fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó tọrọ pé kí ohunkóhun tí òun bá fọwọ́ kàn di wúrà, tí oúnjẹ sì ń di wúrà mọ́ ọn lẹ́nu. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti bọ́ nínú ìyẹn, ó wà níbi tí òrìṣà méjì, Pan àti Apollo, ti ń fi orin díje. Gbogbo ènìyàn gbà pé Apollo ni ó borí. Midas nìkan ni ó jiyàn. Ni Apollo bá sọ etí rẹ̀ di etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọba fi láwàní bò ó, ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi orí pamọ́ fún ẹni tí ń gẹ irun rẹ̀? Onígbàjámọ̀ rí i, wọ́n sì kìlọ̀ ìyà ńlá fún un pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ bẹ́ ẹ níkùn, ó lọ sí pápá, ó gbẹ́ ihò, ó sọ ọ̀rọ̀ náà sínú ihò, ó sì bò ó. Esùsú hù níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, esùsú a bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ etí ọba kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo dákẹ́ lábẹ́ kúbùsù. Àlọ́ ìyá mi àgbà ni mo ń kà yìí! Ìwo ni ó hù lórí ọba tirẹ̀, kì í ṣe etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ohun tí ó sì hù lórí ihò náà, ọmọ kan ni ó gé e tí ó fi ṣe fèrè, fèrè náà ni ó tú àṣírí ọba lójú ọjà. Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ kan náà ni, ihò kan náà ni, ikùn tí kò lè gba ọ̀rọ̀ dúró kan náà ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jiyàn lórí irú èyí fún ìgbà pípẹ́: àwọn kan ní ìtàn a máa bá àwọn oníṣòwò rìn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, àwọn kan ní ọkàn ènìyàn ni ó jọra níbi gbogbo. Èmi kò lè dá ẹjọ́ náà. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí mo tún ibẹ̀ kà, tí mo dé ọ̀dọ̀ ọba, ohùn mi wúwo láìjẹ́ pé mo pète rẹ̀.

Ìtàn kejì nínú orí náà ni ti Philemon àti Baucis, tọkọtaya arúgbó, tálákà paraku, ní ilẹ̀ Phrygia. Òrìṣà méjì, Jupiter àti Mercury, di ènìyàn, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri lálẹ́, ẹnì kan kò sì gbà wọ́n sílé àfi àwọn arúgbó yìí. Wọ́n dáná, wọ́n se ewébẹ̀, wọ́n gbé wáìnì kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé wáìnì náà kò dín bí a ti ń bù ú, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì sáré láti pa ẹran ọ̀sìn kan ṣoṣo tí wọ́n ní fún àlejò, ẹyẹ kan tí ó dà bí pẹ́pẹ́yẹ ńlá, tí ó ń ṣọ́ ilé wọn. Ẹyẹ náà lé wọn ní eré títí ó fi rẹ̀ wọ́n, ó sì sá sí ìdí àwọn òrìṣà náà, àwọn ni wọ́n ní kí a má pa á.

Ibi eré ẹyẹ yìí gan-an ni mo dé tí àkùkọ aládùúgbò mi fi kọ lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Iná bátìrì kọ̀ǹpútà ti pọ́n. Ó rẹ̀ mí. Mo sáré ka ìyókù: bí omi ṣe bo ìlú àwọn aláìláàánú, bí ilé àwọn arúgbó náà ṣe di tẹ́ńpìlì, bí wọ́n ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn kú ní wákàtí kan náà, tí àwọn méjèèjì sì di igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lọ́jọ́ kejì, dípò kí n tún ibi tí àkùkọ ti kọ kà, mo gé e sọnù. Mo ní ìtàn ṣì dúró láìsí ẹyẹ. Mo ní ta ni yóò mọ̀? Mo sì fi í ránṣẹ́.

Ẹnì kan mọ̀. Nínú ètò wọn, bí òǹkàwé bá ti parí, ẹlòmíràn yóò fi ìwé síwájú, yóò sì gbọ́ ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe láti dá a lẹ́jọ́ bóyá ó dùn, bí kò ṣe láti wo ohun tí ó bá ṣubú. N kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni ẹni tí ó gbọ́ tèmi tàbí obìnrin. Ó kọ̀wé pé òun gbádùn rẹ̀, pàápàá ti Midas. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà kò sí níbẹ̀, ṣé n ó ṣeun kí n kà á kí n fi í sí ààyè rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ, inú bí mi. Ọ̀rọ̀ náà tutù, ìbínú mi gbóná. Mo ní, ṣé owó ni wọ́n ń san fún mi? Mo fi oorun mi sílẹ̀, mo jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọjọ́ orí mi, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ń bi mí léèrè ẹyẹ! N kò fèsì. Oṣù kan kọjá, èkejì kọjá. Mo mọ̀ dájúdájú pé wọn kì í gbé ìwé jáde títí gbogbo orí rẹ̀ yóò fi pé.

Ẹ̀gbọ́n ń béèrè. Mo ní, "Wọ́n ṣì ń tún un ṣe lọ́hùn-ún." Ó tún béèrè, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ funfun báláú. Nígbà kẹta, kò béèrè mọ́. Ó ní kí n jókòó.

Ó ní, "Ọmọ mi bá mi wo ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Orúkọ gbogbo àwọn tí ó kà ni ó wà níbẹ̀. Tiwọn ti parí. Ó ní ẹ̀gbẹ́ tìrẹ nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àtúnṣe kù."

Ojú tì mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rí ojú náà. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àkùkọ, bátìrì, ẹyẹ.

Kò bá mi wí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Nígbà tí mo ń fi ojú mi kàwé, bí ewé kan bá já nínú ìwé, mo máa ń rí i. Àmì rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá kà fún mi ni ojú mi. Bí ó bá fo ibì kan, kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ pé ó fò ó."

N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí mo ń wakọ̀ lọ sílé, igbe wa ní agbo ilé lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn ni ó ń dún sí mi létí. Àwa ọmọdé mọ ibi tí Ìyá fò nítorí pé a ti gbọ́ àlọ́ náà rí. Ta ni yóò kígbe bá Ẹ̀gbọ́n? Àlejò tí mo bínú sí ni ó kígbe bá a.

Ní òru ọjọ́ náà mo tún wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ka ibi ẹyẹ náà lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo kọ̀wé sí ẹni náà, mo tọrọ àforíjì fún oṣù méjì tí mo fi dákẹ́, mo sì sọ òtítọ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ gé e ni. Èsì rẹ̀ kò gùn. Ó dúpẹ́. Ó ní òun gbọ́ àkùkọ kan tí ó ń kọ lókèèrè, ṣùgbọ́n kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà kí n jẹ́ kí ó wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé náà jáde, mo lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ rẹ̀ tẹ fóònù, ó sì gbé e lé tábìlì láàárín wa. Ó ṣàjèjì fún mi láti jókòó kí n máa gbọ́ ara mi. Ẹ̀gbọ́n na ẹsẹ̀, ó di ojú rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣì ń fi í ríran. Nígbà tí ọba dé, ó mi orí. Nígbà tí ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí sá mọ́ àwọn arúgbó lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì tẹ́tí sílẹ̀.

Ó ní, "Àkùkọ wo nìyẹn?"

Mo ní, "Ti aládùúgbò mi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú."

Ó ní, "Ta ni ó ń bínú?" Ó yíjú sí apá ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. "Dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, kí n tún un gbọ́."